Ọkùnrin Tí Kì í Wojú Ẹni

Lọ́jọ́ tí Tẹjúmádé Akínlọ́lá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ máníjà nílé ìtẹ̀wé Alhaji Gàníyù ní Ìkàrẹ́, ó lọ kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Ọ̀kà ni, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀gá iléèwé títí tó fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà wọn ò fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré nílé wọn. Latifah tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ismaheel tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó tẹrí ba. Ó wá ku ọkùnrin kan tó jókòó sígun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi òwú dí etí méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Tẹjúmádé wí.

Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. Bírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ka ìwé ìpè ìgbéyàwó kan.

"Lójú ìwé kìn-ín-ní, wọ́n kọ 'olóògbé' síwájú orúkọ ìyá ìyàwó," ló sọ. "Lójú ìwé kejì, òun ló máa gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi bi wọ́n, èwo nínú méjèèjì ni?"

Tẹjúmádé ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun bínú. Nígbà tó yá, ó bínú.

"Ta nìyẹn?" ló bi Latifah nígbà tí wọ́n jáde.

"Bùrọ̀dá Jesse ni, mà. Jesse Babátọ́pẹ́. Àwọn ló ń ka gbogbo ohun tá a bá fẹ́ tẹ̀, kí àṣìṣe má baà wà nínú ẹ̀. Ẹ má bínú sí wọn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ni kí wọ́n má kí èèyàn?"

Láàárín oṣù yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ ìwé ìbáwí fún Jesse. Àkọ́kọ́ jẹ́ nítorí pásítọ̀ kan tó wá tẹ pátákó ìpolongo. Pásítọ̀ na fọ́tò ara rẹ̀ sí Jesse, ó bi í pé, "Báwo lo ṣe rí i?" Jesse ní, "Kò dáa, sà. Ẹnu yín ṣí sílẹ̀." Èkejì jẹ́ nítorí pé ó dìde láàárín ìpàdé, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìsọ fẹ́nì kankan.

Ọjọ́ tí ojú Tẹjúmádé là, ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan ni. Iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Fóònù mẹ́ta ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Alhaji Gàníyù, tó nílé iṣẹ́, tó jẹ́ èèyàn dáadáa tí ohùn rẹ̀ kàn ga jù, dúró láàárín yàrá, ó ń pariwo pé kí wọ́n pa iṣẹ́ kàlẹ́ńdà tì, kí wọ́n gbé ìwé ìsìnkú síwájú. Kò tíì tó wákàtí kan, ó tún ní kí wọ́n pa ti ìsìnkú tì. Jesse ju bírò sílẹ̀, ó sì sáré wọ yàrá tí wọ́n ń kó bébà sí.

Tẹjúmádé tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìbínú. Ó bá a láàárín ìdì bébà, ọwọ́ méjèèjì lórí etí, ó ń mi ara síwá sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún. Ó jókòó sórí ìdì bébà kan nítòsí, ó sì dákẹ́. Ó tó ogún ìṣẹ́jú.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀," ni Jesse wí níkẹyìn.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Dókítà kan ní Àkúrẹ́ sọ pé ọ́tísíìmù ni. Bí ọpọlọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí wọ́n ti bí mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Ìyá mi sunkún. Inú tèmi dùn."

"Inú rẹ dùn kẹ̀?"

"Mo ti rò pé èèyàn burúkú ni mí. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo lẹ́kọ̀ọ́ o. Ojú èèyàn ló máa ń pariwo sí mi. Tí mo bá ń wojú yín, mi ò ní gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ."

Tẹjúmádé rántí ìwé ìbáwí méjèèjì tó kọ. Ojú tì í.

Nígbà tí oṣù máa fi parí, Alhaji pè é. "Máníjà, ẹ bá mi jẹ́ kí Jesse máa lọ. Ó mọṣẹ́, mo gbà, àmọ́ àwọn oníbàárà ń sá."

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lóṣù mẹ́ta."

"Kí lẹ fẹ́ fi oṣù mẹ́ta ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀, sà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ bi í."

Ó bi í lóòótọ́. Ó ní kí Jesse kọ ohun tó ń mú kí iṣẹ́ nira fún un sílẹ̀. Bébà kan ṣoṣo ló kọ, kò sì sí nǹkan ńlá níbẹ̀ rárá. Wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ògiri kejì. Wọ́n ń kọ iṣẹ́ fún un sínú ìwé dípò kí wọ́n máa kígbe rẹ̀. Bí ètò bá máa yí padà, wọ́n á sọ fún un ṣáájú. Kò gbọ́dọ̀ dá oníbàárà lóhùn mọ́. Láàárọ̀, bó bá ti na ọwọ́ sókè, ó ti kí gbogbo ilé nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ bínú.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ismaheel wọlé tọ Tẹjúmádé wá, ó ń fọwọ́ họ orí.

"Máníjà, èmi náà ní tèmi o."

"Tìrẹ kí ni?"

Ó wẹ̀yìn wò kó tó sọ̀rọ̀. Kò mọ̀wé kà dáadáa. Kì í ṣe pé kò gbìyànjú; àwọn lẹ́tà ló máa ń yí síra wọn lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni Latifah ti ń ka ìwé iṣẹ́ sí i létí ní bòókẹ́lẹ́ kí Alhaji má baà mọ̀. Tẹjúmádé gé káàdì aláwọ̀ oríṣiríṣi, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri: pupa fún iṣẹ́ tí wọ́n máa tẹ̀ lójú méjèèjì, àwọ̀ ewé fún ojú kan, búlúù fún èyí tí wọ́n máa di pọ̀. Ohun tó bá kù, wọ́n á fi ohùn sọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta náà tó pé, Ismaheel ló ń kọ́ àwọn méjì míì bí wọ́n ṣe ń wa ẹ̀rọ. Alhaji náà ò rí ẹni pariwo mọ́ mọ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru òun ti wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún sọ pé kí Jesse máa lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Tẹjúmádé rí bébà pélébé kan lórí tábìlì rẹ̀. Jesse ló kọ ọ́. "Mo rí èyí lára pátákó kan ní ọ̀nà Jùbílì: 'A ń tún aago àgbàlagbà ṣe.' Mo dúró wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣé aago ló dàgbà ni àbí ẹni tó ni ín?" Tẹjúmádé rẹ́rìn-ín débi tí Latifah fi yọjú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, òmíràn tún wà níbẹ̀: "Nítòsí ọjà Ìbàkà: 'Ẹ má ṣe tọ̀ síbí, ẹ wọlé wá jẹun.'" Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ó tọ́jú gbogbo wọn sínú àpò ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó dé, kò sí bébà kankan. Ó ṣí ìwé, ó pa á dé. Ó jágbe mọ́ Ismaheel láìnídìí. Ó wo abẹ́ tábìlì.

"Mà," ni Latifah wí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìborùn bo ẹ̀rín rẹ̀ mọ́lẹ̀, "ibà ló ṣe Bùrọ̀dá Jesse. Wọ́n á dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Ta ló bi ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, mà."

Jesse náà ti lọ bá Latifah ṣáájú ìgbà yẹn. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, ó ń wo ògiri. "Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ tí obìnrin bá fẹ́ràn òun?"

"Háà, Bùrọ̀dá! Àwọn kan á máa wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń wo wọ́n, bó ṣe ń…"

"Mi ò lè ṣe ìyẹn."

Latifah ní, "Ẹ̀yin, ẹ kàn bi í."

Bí ara Jesse ṣe yá tán, ó kan ilẹ̀kùn Tẹjúmádé, ó dúró gbọnin, ojú rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. "Mo fẹ́ràn yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni mo ti fi rò ó. Ẹ̀yin ni ọ̀gá mi, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ní rárá, mi ò ní bínú, mi ò ní béèrè mọ́, iṣẹ́ mi ò sì ní bà jẹ́. Ẹ ò ní láti dáhùn nísinsìnyí. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé." Ó yí padà, ó lọ.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni oorun ò fi kun Tẹjúmádé lójú. Òun àti ọkùnrin kan ti fẹ́ra sọ́nà rí ní Àkùngbá nígbà tó wà ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu ẹni náà kò lópin, ìdajì rẹ̀ ni irọ́. Jesse kò sọ ọ̀rọ̀ dídùn kankan fún un rí, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ń fò bí ó bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ bá Alhaji, ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún un, kí Alhaji fúnra rẹ̀ lè máa bójú tó iṣẹ́ Jesse. Alhaji rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Tẹjúmádé kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" sórí bébà, ó gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Jesse kà á. Ó tún un kà. Etí rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ ò kọ déètì sí i," ló wí. "Mo fẹ́ máa rántí ọjọ́ náà."

Ọdún kan kọjá. Wọ́n ń jọ rìn, wọ́n ń jọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Jesse sì ti ń pè é ní Tẹjú. Ìgbà tí wọ́n wá ní kí àwọn òbí mọ̀ ni wàhálà dé.

Ìyá Jesse ló kọ́kọ́ pe Tẹjúmádé. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni, òun nìkan ló tọ́ Jesse, kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Ọmọ mi, jókòó. Ṣé kì í ṣe àánú lo fi ń ṣe é? Sọ òótọ́. Jesse kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣàánú. Tó bá ṣe pé àánú ni, yóò tán lọ́jọ́ kan, èmi ni màá sì máa kó àwọn ẹ̀rúnrún rẹ̀."

"Mà, kì í ṣe àánú. Tí Jesse bá ní òun ń bọ̀ láago mẹ́rin, aago mẹ́rin ló máa dé. Tó bá ní òun ò bínú, kò bínú. Mi ò ní láti máa méfò ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìfọ̀kànbalẹ̀ báyìí wà láyé."

Ìyá Jesse dìde, ó lọ bu ẹ̀pà wá fún un.

Ti Ọ̀kà ò rọrùn bẹ́ẹ̀. Bàbá Tẹjúmádé, Zachariah Akínlọ́lá, fi ọdún márùnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ níwèé. Gbogbo ọmọ tó bá gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá ló mọ̀ pé wàá dọ̀bálẹ̀, wàá dìde, wàá wojú àgbà, wàá sì fèsì ketekete. Latifah fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọ́ Jesse ní gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Jesse dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀ wọn ní Ìwárọ̀ Ọ̀kà, ó ka ìkíni náà láti òkè délẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ó dìde, ó jókòó, ó gbójú lé ẹsẹ̀ tábìlì.

"Báwo ni ilé?" ni Baba bi í.

"Ilé wo, sà?"

"Ilé yín ni."

"Òjò ń jò nínú yàrá kan, sà. A ti pe káfíńtà."

Màmá Ìbísọ́lá, ìyá Tẹjúmádé, sáré gbé iyán wá. Jesse jẹ ẹ́. Màmá ní, "Ṣé ọbẹ̀ náà dùn, ọmọ mi?"

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, mà. Àmọ́ iyán náà dáa gan-an."

Màmá Ìbísọ́lá bu ọbẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ló sọ! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bu iyọ̀ sí i!"

Baba kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Jesse lọ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Ọ̀kà tó máa ń sọ bí inú bá ń bí i. Tẹjúmádé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Baba ní òun ò ní fi ọmọ òun fún ọkùnrin tí kò lè wo ojú òun. Kí ló ń fi pamọ́? Kí lòun fẹ́ sọ fún àwọn ẹbí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ayé?

"Bàbá, kò fi nǹkan kan pamọ́. Kò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Tó bá ń wojú yín, kò ní gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni."

"Mo ti sọ tèmi."

Bí mọ́tò ṣe ń gbé e padà sí Ìkàrẹ́, Tẹjúmádé gbé orí lé gíláàsì. Ṣé báyìí lòun á ṣe máa ṣàlàyé ọkọ òun fún èèyàn títí ayé? Nílé ìkómọ, níbi ìsìnkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó bi Jesse léèrè ohun tó ti ń bẹ̀rù láti béèrè.

"Ṣé ó máa ń rẹ̀ ọ́, láti máa wà láàárín èèyàn?"

"Ó máa ń rẹ̀ mí. Lójoojúmọ́." Ó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ọwọ́ rẹ̀ jẹ. "Ìwọ kì í rẹ̀ mí."

Tẹjúmádé sunkún. Jesse bi í bóyá ẹkún ayọ̀ ni tàbí ti ìbànújẹ́, kóun lè mọ ohun tó yẹ kóun ṣe. Ó ní ti ayọ̀ ni. "Ó dáa," ni Jesse wí, ó sì ń bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ọkàn Tẹjúmádé ò yẹ̀ mọ́, bí Baba gbà, bí Baba kọ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, láìsọ fẹ́nì kankan, Baba Akínlọ́lá wọ ilé ìtẹ̀wé náà wá. Ó ní òun fẹ́ tẹ ìwé ètò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ilé ìtẹ̀wé pọ̀ ní Ọ̀kà, gbogbo wọn mọ̀ pé kì í ṣe ìkórè ló gbé e wá. Ó dúró síwájú àwọn káàdì aláwọ̀ ara ògiri, ó fọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò kíláàsì.

"Ọ̀gá Akínlọ́lá!" Ismaheel ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ yọ, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ò mọ̀ mí mọ́, sà? Ismaheel ni. Praimárì fáìfù, lọ́dọ̀ yín ní Ọ̀kà."

Baba mọ̀ ọ́n. Bó ṣe wò ó báyìí, ó rí ọmọdékùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí òun máa ń pè jáde láàárọ̀ pé kó wá kàwé níwájú gbogbo iléèwé, tí kì í ka nǹkan kan, tí òun á wá fi pàṣán gbà á lẹ́yìn. Òun ló sọ ọ́ ní olódo. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà ò wá sílé ìwé mọ́, òun ò sì wá a lọ.

Ismaheel ti ń fà á lọ́wọ́. "Ẹ wá wo bí mo ṣe ń ṣe é, sà. Pupa yìí, ojú méjì nìyẹn. Búlúù, ká di í pọ̀. Èmi ni olórí àwọn tó ń wa ẹ̀rọ báyìí. Nígbà yẹn, ẹ rò pé orí kunkun ni mò ń ṣe. Àwọn lẹ́tà yẹn ló máa ń sá kiri lójú mi, sà. Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Máníjà ló kọ́kọ́ bi mí."

"Ismaheel," ni Baba wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ẹgba mélòó ni mo nà ọ́?"

"Mi ò lè kà á, sà. Ìṣirò náà ò wọ̀ mí lórí."

Ismaheel ń rẹ́rìn-ín, kò sí ìkùnsínú kankan lójú rẹ̀. Baba kò lè rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ Ismaheel tó kún fún òróró ẹ̀rọ mú, ó ní, "Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Latifah ló fi ọgbọ́n gbé àga wá fún Baba.

Baba ò jókòó. Ó béèrè yàrá Jesse. Tẹjúmádé fẹ́ tẹ̀ lé e, ó ní kó dúró. Láti ẹnu ọ̀nà, Tẹjúmádé rí i tí Baba gbé àga, tí kò gbé e síwájú Jesse. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gbé e sí, tí àwọn méjèèjì fi jọ kọjú sí fèrèsé.

"Jesse," ni Baba wí, ó ń wo ìta, "tá a bá jókòó báyìí, ṣé wàá gbọ́ mi dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Báyìí dáa gan-an."

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Baba jáde, ó kàn fọwọ́ tọ́ Tẹjúmádé léjìká, ó wọ mọ́tò. Tẹjúmádé sáré wọlé.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n bi mí bóyá màá fìyà jẹ ọ́. Mo ní rárá. Wọ́n bi mí, tá a bá bí ọmọ tó dà bíi tèmi ńkọ́? Mo ní ọmọ náà á ní bàbá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á tètè yé."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n fọn imú. Wọ́n wá ní kí ìyá mi mú ọjọ́."

Sátidé kan nínú oṣù Kejì ni wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Ọ̀kà. Baba ní òun ò fẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, èèyàn ò sì gbọ́dọ̀ ju ogún lọ. Jesse fúnra rẹ̀ ló tẹ ìwé ètò, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ló kọ ọ́. Àmọ́ ẹbí ò ṣeé dá dúró. Nígbà tó máa di aago méjìlá, èèyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́ta, àwọn ìyá àgbà ń kọrin, àwọn ọmọdé ń sáré láàárín àga.

Àbúrò ìyá Jesse kan ló gbẹnu sọ fún wọn. Ó tún agbádá ṣe, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé yìí, a ń kọjá lọ ni, a rí òdòdó kan tó rẹwà nínú ọgbà yín. A ní ká wá tọrọ rẹ̀."

Ìyá tó dúró fún ẹbí ìyàwó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Òdòdó pọ̀ nínú ọgbà wa o! Ọkọ ìyàwó, dìde. Fẹnu ara rẹ sọ ọ́, òdòdó wo lo rí?"

Jesse dìde. Ó wo ìwé ètò ọwọ́ rẹ̀, kò rí òdòdó kankan níbẹ̀.

"Mi ò rí òdòdó, mà," ló wí. "Tẹjúmádé ni mo wá fẹ́."

Pálọ̀ dàrú fún ẹ̀rín. Àwọn ìyá àgbà dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé orin míì, gbogbo rẹ̀ di gìrìgìrì. Láti ibi tí Tẹjúmádé jókòó sí, ó rí ọwọ́ Jesse tó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ sí etí rẹ̀, ó rí èjìká rẹ̀ tó ń le. Ó ti fẹ́ dìde.

Baba ti ṣáájú rẹ̀. Ó na ọ̀pá sókè, orin náà sì rọlẹ̀.

"Ẹ gbé àga méjì lọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé," ló wí, "kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi lọ jẹun níbi tí ariwo yín ò ti ní dé etí ẹ̀."

"Tẹjúmádé ò jẹun pẹ̀lú wa ni?" ni ẹ̀gbọ́n Baba obìnrin kan béèrè.

"Tẹjúmádé lè bá a lọ tó bá wù ú," ni Baba dáhùn. "Jesse ni mò ń sọ."